Ọjọ́ Tí Tata Fẹ́ Gun Ìjì

Ìbínú aránṣọ kò bẹ̀rẹ̀ níwájú àgùnfọn onígi. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, láti ẹnu géètì ni inú ti ń bí i. Ta sì ni inú kò ní bí? Odindi ọdún méjì ni wọ́n ti ń fi ọgbà ìṣeré yìí ṣèlérí fún ọmọ. Wọ́n jí ní ìdájí, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tán, ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa wá ní kí wọ́n ṣí àpò wọn. Ó kó búrẹ́dì jáde, ó kó ẹyin sísè jáde, ó gbé fúláàsì tíì jáde, ó ní oúnjẹ ìta kò gbọdọ̀ wọlé.

"Oúnjẹ ìta kẹ̀?" ni aránṣọ wí. "Inú ilé ìdáná mi ló ti wá. Ṣé ilé ìdáná mi lẹ wá ń pè ní ìta?"

"Òfin ni, mà."

"Ta ló ṣòfin? Ẹ pè é wá, kó wá sọ ọ́ lójú màmá yìí pé kí wọ́n má mu tíì."

Màmá tó ń tọ́ka sí ni ìyá ọkọ rẹ̀, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá àgbà ti jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń jẹ ẹyin tirẹ̀ lọ ràì. Kí àwọn tó ń jà tó jà tán, ó ti jẹ mẹ́ta. Èyí tó ti wọ ikùn, kò sí fìlà pupa tó lè ní kí wọ́n ṣí i wò.

Ọkọ aránṣọ rọra fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ omi, Jẹ́jẹ́ sì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í pariwo, kì í sáré, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. "Ìyá Tata, fi wọ́n sílẹ̀," ó wí. "Nítorí ọmọ la ṣe wá."

Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe wá lóòótọ́. Ọmọ ọdún méje ni, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Gbogbo ilé ń pè é ní Tata, nítorí láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ni kò ti rìn mọ́, fífò ló ń fò kiri. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun àti ìyá rẹ̀ ń kọjá lójú títì, wọ́n rí pátákó ńlá kan. Àwòrán ọkọ̀ gígùn kan ló wà lára rẹ̀, ọkọ̀ tó ń gun irin lọ sókè, tó ń já ṣòòròṣò wálẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ na ọwọ́ sókè tí wọ́n sì la ẹnu gbàgà. Ìjì ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà. Tata dúró, kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ pátákó fún un: ọmọ tí kò bá ga tó ínṣì méjìdínláàádọ́ta kò lè gun Ìjì.

"Ọjọ́ tó o bá ga tó o," ìyá rẹ̀ wí, "màá ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ìwọ á sì jọ gùn ún."

Kí ọmọ lè kúrò lójú títì ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ yìí kì í ti ṣọ́ọ̀bù, òòyì sì máa ń kọ́ ọ tó bá gun àkàbà lásán. Ṣùgbọ́n ọmọ gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, kò sì jẹ́ kó bọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ ẹ̀wà láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ń so rọ̀ sára irin tí wọ́n ń sá aṣọ sí, nítorí wọ́n sọ fún un níléèwé pé ó máa ń fa ènìyàn gùn. Oṣù kì í lé kó má wá fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí í ṣe yàrá iwájú ilé wọn. "Màmi, ẹ wá wọ̀n mí." Ìyá á ní kó jẹ́ kí òun ran síìpù yìí tán. Síìpù á tán, ó á kan kọ́là. Kọ́là á tán, oníbàárà á wọlé. Tata á rọra kúrò nídìí òpó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún méje, ọgbọ̀n yúnífọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì ló wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí. Tata tún dé. "Màmi, òní ni ọjọ́ ìbí mi. Ẹ wá wọ̀n mí."

"Bàbá Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n," ni aránṣọ wí. "Téèpù wà lórí tábìlì." Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ wà lára abẹ́rẹ́. Kò gbé orí sókè.

Jẹ́jẹ́ mú téèpù. Ó ní kí ọmọ fẹ̀yìn ti òpó dáadáa, ó na téèpù láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, ó wò ó, ó tún un wò. Ni ọkùnrin tí kì í pariwo bá pariwo. "Méjìdínláàádọ́ta!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Aránṣọ dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó gbé ọmọ yí tábìlì po. Jẹ́jẹ́ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára òpó. Lọ́sẹ̀ kejì, aránṣọ ya páálí kan, ó kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé, A TI LỌ GUN ÌJÌ, Ó DỌ̀LA, ó sì fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn aládùúgbò dúró kà á, wọn kò gbà á gbọ́.

Bó ti ti ṣọ́ọ̀bù náà, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun gbé e kọ́rùn, kì í sì í mọ̀. Ó ti gbé e kọ́rùn lọ sí ìpàdé òbí rí, ó ti gbé e kọ́rùn lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́. Ó ti gbó, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ti ń ṣá, ẹnu rẹ̀ ti já nígbà kan, aránṣọ sì ti ṣẹ́ ẹ, ó fi òwú dúdú rán an kó má baà máa tú. Ọkọ rẹ̀ ti ní kó ra tuntun títí ó ti sú u.

Ká má parọ́ mọ́ ọgbà náà, ó dùn níbi tó ti dùn. Ìyá àgbà gun ẹṣin onígi tó ń yí po, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹṣin aláwọ̀ ewé ló mú, ó fi ọ̀já orí rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ ọ, ó ń juwọ́ sí gbogbo ayé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Ìgbà kẹta tí ẹṣin dúró, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ní, "Màmá, ó ti tó." Ìyá àgbà ní, "Ta ló bi ọ́?" Lẹ́yìn náà wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, omi dà sí aránṣọ lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Tata ń wo ìyá rẹ̀ tìyanu-tìyanu. Kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí, àfi kí ó jẹ́ pé ó rín in nígbà tí òun kò tíì mọ nǹkan.

Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti dùn, kò dùn rárá. Wọ́n dé ibi òkè omi tí ènìyàn ti ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ wá sínú adágún, èyí tí àwòrán rẹ̀ tóbi jù lára tíkẹ́ẹ̀tì. Okùn ló wà lẹ́nu rẹ̀. À Ń TÚN UN ṢE. Àwọn ewé gbígbẹ tó wà nínú adágún náà jọ èyí tó ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. "Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ń tún un ṣe, kí ló dé tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ fún wa?" Aránṣọ bi ẹni tó kọ́kọ́ rí, ẹni náà sì jẹ́ olùgbálẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ìjókòó tó wà lábẹ́ ibòòji, ti àwọn tó ń ta ìpápánu ni. Bí o kò bá rà, dìde. Obìnrin kan wá sọ fún ìyá àgbà pé kó dìde. Ìyá àgbà ní kó gbé òun tí ó bá lè gbé òun. Aránṣọ dúró ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ mẹ́jèèjì lé ìbàdí. Wọn kò tún padà wá.

Níkẹyìn, wọ́n tò sí ìlà Ìjì. Wọ́n lo wákàtí kan ó lé nínú oòrùn. Orí òkè ni irin náà wà, bí ọkọ̀ bá sì ti já wálẹ̀, ilẹ̀ á mì, ariwo àwọn tó wà nínú rẹ̀ á gba gbogbo ọgbà kan. Bí ó bá ti já, aránṣọ á yí ojú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, Tata sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, ó ń fò níbi tó dúró.

"Màmi, ṣé ẹ máa na ọwọ́ sókè?"

"Màá nà án."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì. Dá mi sílẹ̀."

Ẹnu àtẹ̀gùn Ìjì ni àgùnfọn onígi náà dúró sí. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n ya ẹ̀rín sí i lẹ́nu, wọ́n kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn láyà. Orí ọmọ gbọ́dọ̀ kan pákó yẹn kó tó gun àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin kan tó gbé fèrè kọ́rùn ló ń dúró tì í. Ó ní kí Tata bọ́ bàtà. Tata bọ́ bàtà, ó fẹ̀yìn ti àgùnfọn, ó na ọrùn títí iṣan fi yọ. Ọmọbìnrin náà ti ìka méjì bọ àárín orí ọmọ àti pákó. Ìka náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó kù díẹ̀, mà. Ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Tata kò kúrò nídìí àgùnfọn. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Kí ló kù?" ni aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ kò tíì ròkè, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ pé èyí gan-an ló burú.

"Gíga rẹ̀ ni, mà. Kò tó."

"Ọmọ yìí tó. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n nílé. Méjìdínláàádọ́ta géérégé."

"Mà, àgùnfọn wa..."

"Igi ni àgùnfọn yín! Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, ṣé igi kì í wú ni? Ẹ gba oúnjẹ wa, mo dákẹ́. Ẹ ti òkè omi pa, mo dákẹ́. Ẹ fẹ́ lé ìyá àgbà dìde lórí àga, mo dákẹ́. Ọmọ yìí ti ń dàgbà nítorí ọjọ́ òní láti ọdún méjì, ẹ wá fi igi tó ń rẹ́rìn-ín sọ fún mi pé kò dàgbà!"

Kò dákẹ́ nínú èyíkéyìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ rán an létí. Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń kùn. Bàbá kan tó gbé ọmọ lé èjìká ní òótọ́ ni, wọ́n kàn ń rẹ́ ènìyàn jẹ níbí ni. Ìyá ìbejì kan ní wọ́n ti lé àwọn ọmọ òun náà padà nídìí àgùnfọn yìí. Ariwo sọ. Ọmọbìnrin náà fọn fèrè, ọ̀gá rẹ̀ sì jáde láti inú yàrá onígíláàsì, ọkùnrin kúkúrú kan tó ti làágùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ má bínú, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ ò ní sọ fún mi pé kí n má bínú. Èmi ni ẹ̀ ń wò yìí, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń wọn ènìyàn. Mo ti wọn dókítà, mo ti wọn nọ́ọ̀sì, mo ti wọn ọkùnrin tó sanra tó ẹ̀yin mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó gba aṣọ lọ́wọ́ mi tó ní kò bá òun mu. Téèpù mi kì í parọ́. Ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó."

Ó fa téèpù yọ lọ́rùn. Gbogbo ìlà na ọrùn. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ rere tó wọ̀, ó fi ẹnu téèpù sí ìdí gìgísẹ̀ ọmọ, ó fi ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dìde, ó fà á gba ẹ̀yìn ọmọ lọ sókè. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Ó wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ó sì pè é sókè kí gbogbo ayé gbọ́, bó ṣe máa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta."

Bàbá tó gbé ọmọ léjìká yẹ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aránṣọ alára kò kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Méjìdínláàádọ́ta ni ojú rẹ̀ rí. Ó ṣì ń rí i lábẹ́ ìka rẹ̀ báyìí, nọ́ńbà tó ti ń ṣá, ṣùgbọ́n tó hàn.

"Rárá o, Ìyá Tata," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó ti sún mọ́ ọn, ó fi ìka sí i. "Méjìdínláàádọ́ta ló wà níbí. Wò ó. Bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyí."

Ọ̀gá náà tẹ̀ bá a, ó wò ó. "Méjìdínláàádọ́ta ni lóòótọ́," ó wí. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo ìlà gígùn tó ń kùn lẹ́yìn wọn. Kí ìlà náà ṣáà máa lọ ló fẹ́. "Ó dáa, mà. Ó dáa. Jẹ́ kó wọlé."

Tata fò sókè. Ó kígbe, ó fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ sọ́nà àtẹ̀gùn.

Ìyá rẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀. Ẹnu téèpù ló ń wò, ibi tó fi òwú dúdú ṣẹ́. Ọdún kẹta tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni àlùmọ́gàjí gé e, ó gé ínṣì méjì àkọ́kọ́ dànù. Kò ra òmíràn, torí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbà á. Ó kàn ń yọ méjì kúrò nínú ohunkóhun tó bá rí. Bó bá rí ogójì, á pe méjìdínlógójì. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé kò mọ̀ pé òun ń yọ nǹkan kan mọ́, ẹnu rẹ̀ ló ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló sì ń lo téèpù náà, nítorí náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ níbí náà. Kó dákẹ́ ló kù. Ó gbé ojú sókè, ó rí ọmọbìnrin onífèrè tó ń fa ìgbànú ìjókòó kan wálẹ̀ sí èjìká ọmọ kan nínú ọkọ̀. Aránṣọ mọ iṣẹ́ ínṣì méjì. Ínṣì méjì ni ó wà láàárín ẹ̀wù tó bá ara mu àti ẹ̀wù tó ń yọ̀ bọ́ léjìká.

"Kò gbọdọ̀ gùn ún," ó wí.

"Mà?" ni ọ̀gá wí.

"Mo ní kò gbọdọ̀ gùn ún! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Téèpù mi ló gé. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni." Ó kọjú sí ọmọbìnrin onífèrè. "Àǹtí, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ. Àgùnfọn yín ò parọ́."

Inú ṣì ń bí i, ó ń bí i gidigidi, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò bínú sí mọ́. Ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Ta ló tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan téèpù mi?"

Jẹ́jẹ́ kàn ń wò ó. Ẹnu aránṣọ kò tíì pa dé tó fi rántí ẹni tó ní kó fọwọ́ kàn án.

Tata ti jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wọ bàtà rẹ̀, kò sunkún. Ó wọ ọ̀tún tán, ó wọ òsì.

"Màmi," ó wí, "tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wọ̀n mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò bá ti mọ̀."

"Ǹ bá ti mọ̀."

"Mo sì bẹ̀ yín."

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí Tata, ó fà á dìde. Òkè ni Ìjì ń ké lọ ní tirẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì méjèèjì tí wọ́n wọ̀ padà, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni Tata jókòó sí. Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Aránṣọ wà lẹ́yìn wọn, ó ń wo orí kékeré náà, ó ń bá ara rẹ̀ jà bó ṣe bá onífìlà pupa jà láàárọ̀, kódà ó le ju ti àárọ̀ lọ. Gbogbo síìpù tó ti rán láti ọdún méjì ń kọjá lójú rẹ̀. Kò rántí ẹni tó wọ èyíkéyìí nínú wọn.

Wọ́n délé, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Kó tó bọ́ bàtà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró ti òpó ilẹ̀kùn.

"Tata, wá."

Tata wá, ṣùgbọ́n kò sáré. Ó fẹ̀yìn ti òpó. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó na téèpù, ó wò ó, ó pe nọ́ńbà náà wẹ́rẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ, ó fa ìlà tuntun gan-an níbi tí pẹ́ńsùlù Jẹ́jẹ́ wà. Ọmọ kò kúrú sí i, kò ga sí i. Ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ló kọ nọ́ńbà òtítọ́ sí.

"Lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?" ni Tata bèèrè.

"Èmi ni màá wọ̀n ọ́."

"Tí iṣẹ́ bá wà ńkọ́?"

Iṣẹ́ wà. Ó wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, ó ga bí òkè. Kò yíjú wò ó. "Tí iṣẹ́ bá wà, á dúró. Ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù, kí n tó tan ẹ̀rọ."

"Ẹ kọ ọ́ síbí."

Aránṣọ gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó fẹ́ kọ ọ́ sára òpó. Tata gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn máa ń parẹ́," ó wí, ó sì lọ bá bàbá rẹ̀ gba pẹ́ńsùlù wá.